Ta ló ń júwe ọ̀nà fún purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì?

Tíṣà Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàólójì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ya sẹ́ẹ̀lì ràgàjì kan sójú pátákó, mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa kun núkílíọ́ọ̀sì, mo fi aláwọ̀ ewé ya mitochondria, mo wá ṣàlàyé pé ribosome ló ń ṣe purotéènì, èyí tí wọ́n ń pè ní amáradàgbà nínú ẹ̀kọ́ oúnjẹ. Mo ní bí wọ́n bá ti ṣe é tán, kálukú á gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ: èyí á wọ núkílíọ́ọ̀sì, èyí á wọ mitochondria, èyí á jáde sínú ẹ̀jẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nawọ́ sókè. Iṣẹ́ gbígba ẹrù ní páàkì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ní páàkì tiwa, ẹrù tí wọn ò bá kọ wéèbìlì sí lára, ibi tí wọ́n gbé e sí ló máa wà tílẹ̀ á fi ṣú. Ta ló ń kọ wéèbìlì fún purotéènì? Ta ló ń kà á?"

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ìwé tí mo fi ń kọ́ wọn kàn ní purotéènì "máa ń lọ" ni, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún ọmọ náà pé ìbéèrè rẹ̀ ṣe pàtàkì, pé màá dá a lóhùn lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tí kò ní gbòǹgbò tì í sẹ́yìn, torí ọmọ tó bá béèrè irú èyí, ó yẹ kí àgbà fi òótọ́ dá a lóhùn. Ẹ bá mi dá sí i. Níbo ni wọ́n kọ àdírẹ́sì náà sí? Báwo ni àwọn tó sọ ọ́ ṣe mọ̀? Ó máa béèrè ìyẹn náà. Bí ẹ bá sì mọ àpẹẹrẹ kan tó sún mọ́ ilé, ẹ má fi pamọ́ fún wa.

Ìyá Láàbù

Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn gidigidi. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń wo ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù n'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ tó fà yọ yìí sì ni mo lè sọ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá ń pe ìrun alẹ́.

Wéèbìlì wà, sà. Ara ẹrù gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ gbá mú nìyẹn: kì í ṣe pé ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń lẹ ìwé mọ́ ọn. Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Irú ìlẹ̀kẹ̀ tó wà jẹ́ 20, amínò ásíìdì la ń pè wọ́n. Fún àwọn purotéènì tó máa jáde nínú sẹ́ẹ̀lì, ìlẹ̀kẹ̀ bíi 15 sí 30 tó wà lórí okùn, àwọn tó kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ribosome, àwọn ni wéèbìlì. Àárín rẹ̀ kún fún ìlẹ̀kẹ̀ tí kì í fẹ́ rí omi, àfi bí epo. Inú jíìnì kan náà tí wọ́n ti ka ìyókù ẹ̀wọ̀n náà ni wọ́n ti kà á, nítorí náà purotéènì kò tíì dáyé tán tí àdírẹ́sì rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ yọ.

Ta ló ń kà á? Agbèrò ni. Agbèrò kan wà nínú omi sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní SRP. Bó bá ti rí i tí orí okùn yọ báyìí, á gbá a mú. Ribosome á dáwọ́ dúró díẹ̀. Agbèrò á wọ́ ribosome tòun tẹrù lọ sí ojú awọ kan tó ká kòrókòró lẹ́bàá núkílíọ́ọ̀sì, tí à ń pè ní ER, á gbé e lé ẹnu ihò kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sec61, á wá yíjú padà lọ wá èrò mìíràn. Ni ribosome bá tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bó ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ló ń tì í gba inú ihò kọjá. Lódìkejì ilẹ̀kùn, ẹ́ńsáìmù kan ti ń dúró bí ẹni mú ọ̀bẹ dání, yóò gé wéèbìlì kúrò. Ẹrù ti dé.

Ẹ gbé ínsúlíìnì yẹ̀ wò, kí àwọn ọmọ lè rí i pẹ̀lú nọ́ńbà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é, ìlẹ̀kẹ̀ 110 ni. Wọ́n gé 24 tó jẹ́ wéèbìlì, ó ku 86. Lẹ́yìn náà wọ́n tún yọ 31 láàárín pẹ̀lú mẹ́rin mìíràn tó so ó mọ́ ìyókù, ó ku 51, òun ni ínsúlíìnì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ìlẹ̀kẹ̀ 31 tí wọ́n yọ yẹn kì í ṣègbé. C-peptide lorúkọ rẹ̀, àwa ará láàbù máa ń wọ̀n ọ́n lára aláàtọ̀gbẹ tó ń gba abẹ́rẹ́, torí kò sí nínú ínsúlíìnì abẹ́rẹ́. Tí a bá rí i lẹ́jẹ̀, a mọ̀ pé ara ẹni yẹn ṣì ń ṣe tirẹ̀ díẹ̀.

Ní ti bí wọ́n ṣe mọ̀: Günter Blobel ni kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó. Wọ́n bí i lọ́dún 1936 ní Silesia, ilẹ̀ tó jẹ́ ti Jámánì nígbà náà tó ti di ti Poland lónìí, New York ló sì ti ṣe iṣẹ́ yìí, ní Yunifásítì Rockefeller. Òun àti David Sabatini ti dá àbá náà lọ́dún 1971, nígbà tí ẹ̀rí ọwọ́ wọn kò tíì pọ̀. Ní 1972, César Milstein àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge rí i pé, tí wọ́n bá ṣe apá kan nínú purotéènì tí ara fi ń bá àrùn jà, tí wọ́n ṣe é níta sẹ́ẹ̀lì, ó máa ń gùn ju ojúlówó lọ. Nǹkan kan wà lórí rẹ̀ tí ojúlówó kò ní. Wọ́n ti rí wéèbìlì nìyẹn kí wọ́n tó gé e.

Nígbà tó wá di 1975, Blobel àti Bernhard Dobberstein ṣe ìdánwò kan tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Wọ́n mú awọ ER láti inú pancreas ajá. Wọ́n mú ribosome láti inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ehoro. RNA, tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ribosome jẹ́, wọ́n mú un lára eku. Wọ́n pò wọ́n pọ̀ nínú ìgò kékeré, purotéènì eku sì gba ẹnu ribosome ehoro wọ inú awọ ajá, wọ́n sì gé wéèbìlì rẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Àfi bí ará Ṣakí, ará Kétu àti ará Ìlàjẹ tí wọ́n pàdé lọ́jà kan náà tí kálukú fi ẹnu ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Èdè àdírẹ́sì yìí ti wà kí ajá, ehoro àti eku tó pínyà.

Wọ́n fún Blobel ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1999. Ó kó owó náà fún àtúnkọ́ ìlú Dresden ní Jámánì, fún ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn àti sínágọ́gù àwọn Júù, torí ó ti fojú rí ìlú náà lọ́mọdé kí bọ́ǹbù tó run ún ní February 1945. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ náà. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Ọmọ Yunifásítì

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé Golgi ni pósófíìsì sẹ́ẹ̀lì, òun ló ń ṣa purotéènì tó sì ń pín in síbi tó yẹ. Ẹ ò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ṣé ohun tí a kọ́ kò tọ̀nà ni?

Ìyá Láàbù

Káàárọ̀ ọmọ mi. Ohun tí wọ́n kọ́ ẹ tọ̀nà, ṣùgbọ́n apá kan ni. Àwọn purotéènì tó ti wọ ER nìkan ló ń dé Golgi. Láti ER, wọ́n á wọ inú àpò kékeré kan, àpò náà á já bọ́ kúrò lára awọ, á lọ so mọ́ Golgi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa wọ́n. Àmọ́ àwọn tó ń lọ sí núkílíọ́ọ̀sì, mitochondria àti peroxisome, ìyẹn yàrá kékeré mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ọ̀nà Golgi rárá. Inú omi sẹ́ẹ̀lì ni ribosome ti ń ṣe wọ́n tán, tí wọ́n á gba ibẹ̀ lọ tààrà. Tíṣà, ẹ bá mi fi ọfà méjì hàn wọ́n lójú pátákó, kí wọ́n má lérò pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà.

Ìwọ tó o dárúkọ Golgi, ó yẹ kó o mọ iṣẹ́ Randy Schekman. Ìwúkàrà ló lò. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá ìwúkàrà tí jíìnì rẹ̀ bàjẹ́ débi pé, tí wọ́n bá gbé e síbi tó móoru, kò ní lè gbé purotéènì jáde mọ́. Nígbà tí wọ́n wo inú rẹ̀, àpò kékeré ti kún un dé ẹnu, bí páàkì tí mọ́tò kò ti gbéra láti ọjọ́ mẹ́ta. Jíìnì kọ̀ọ̀kan tó bàjẹ́, ibi kan pàtó lójú ọ̀nà ni sún kẹẹrẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ìyẹn to ojú ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òun, James Rothman àti Thomas Südhof ni wọ́n jọ gba Nobel lọ́dún 2013.

Ohun mìíràn tí ìwé kì í sábà sọ ni pé àwọn purotéènì kan wà tí ER jẹ́ ilé wọn, tí wọn kò gbọ́dọ̀ jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin ló wà ní ìdí okùn wọn, K-D-E-L, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ìlẹ̀kẹ̀ kan. Tí wọ́n bá ṣèèṣì bá èrò dé Golgi, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ K-D-E-L, á dì wọ́n mú, á dá wọn padà sílé. Sean Munro àti Hugh Pelham ló rí i lọ́dún 1987. Wọ́n gé ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin yẹn kúrò, purotéènì náà sì ń jò jáde nínú sẹ́ẹ̀lì.

Tíṣà Ògbómọ̀ṣọ́

Mà, ẹ ṣeun, Elédùmarè á bá mi san yín lẹ́san. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ohun kan ló wà lọ́kàn mi. Ṣé gbogbo wéèbìlì ni wọ́n máa ń gé dànù tí ẹrù bá dé? Tí àdírẹ́sì bá sì ṣì ńkọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Ìyá Láàbù

Wọn kì í gé gbogbo rẹ̀, sà. Inú mi dùn pé ẹ béèrè.

Ti mitochondria, wọ́n máa ń gé ọ̀pọ̀ rẹ̀. Orí okùn ni tirẹ̀ náà wà. Ó máa ń lọ́ yípo, ẹ̀gbẹ́ kan kórìíra omi, ẹ̀gbẹ́ kejì ní iná pọ́sítíìfù. Purotéènì tó wà nínú mitochondria lé ní 1,000, ṣùgbọ́n 13 péré ni DNA mitochondria èèyàn lè ṣe fúnra rẹ̀, gbogbo ìyókù ń wá láti ìta. Ihò ibẹ̀ há débi pé purotéènì kò lè ká kó tó wọlé, bí òwú tí a fẹ́ tì bọ ojú abẹ́rẹ́ ló gbọ́dọ̀ rí.

Ti peroxisome kúrú gan-an: ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta péré ní ìdí okùn, S-K-L. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé inú tanátaná ni wọ́n ti rí i, nínú ẹ́ńsáìmù tó ń mú ìdí rẹ̀ tàn lálẹ́.

Ti núkílíọ́ọ̀sì ni wọn kì í gé. Èmi máa ń pe ìyẹn ní ilà ojú. Àgbà tó kọ gọ̀ǹbọ́ lọ́mọdé, bó dé Kánò, bó dé Àkúrẹ́, ẹni tó mọ ilà á mọ ibi tó ti wá, ilà náà kò sì ní kúrò lójú rẹ̀ tó bá padà délé. Ìdí rẹ̀ nìyí: nígbà tí sẹ́ẹ̀lì wa bá fẹ́ pín sí méjì, ògiri núkílíọ́ọ̀sì máa ń tú ká, gbogbo ará ilé á fọ́n sí ìta. Tí wọ́n bá mọ ògiri náà tán, wọ́n gbọ́dọ̀ wọlé padà. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti gé àdírẹ́sì wọn nígbà àkọ́kọ́ ńkọ́? Ìta ni wọn ì bá wà. Ìlẹ̀kẹ̀ méje ni ilà tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa, lára purotéènì fáírọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ara ọ̀bọ, SV40, lọ́dún 1984. Márùn-ún nínú méje náà ló ní iná pọ́sítíìfù. Wọ́n pààrọ̀ ẹyọ kan péré, purotéènì náà sì jókòó síta.

Ní ti kí àdírẹ́sì ṣì, àìsàn ni, sà. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀dọ̀ wa, AGT, peroxisome ni ilé rẹ̀. Nínú àwọn ọmọ kan tí wọ́n bí pẹ̀lú àìsàn tó ń da òkúta kíndìnrín sílẹ̀, ìyípadà kéékèèké nínú jíìnì ti sọ orí okùn AGT di ohun tó jọ wéèbìlì mitochondria. Mitochondria wá gbà á sọ́dọ̀. Ẹ́ńsáìmù náà wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Kò kàn sí nínú yàrá tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ni. Èròjà kan tó ń jẹ́ oxalate á máa kó jọ, á di òkúta, kíndìnrín ọmọ á máa bàjẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo gbé ìwé sílẹ̀, mo lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ béèrè àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ilé. Ibà ni. Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀, màá padà wá kọ ọ́ lálẹ́, torí mi ò fẹ́ fi ìkánjú sọ ọ́.

Ìyá Láàbù

Mo ti dé. Iná ti wà.

Tí wọ́n bá mú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà ń ṣe wá, tí mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, tí mo fi àwọ̀ Giemsa kùn ún, ohun tí mo máa ń rí nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni nǹkan tó rí bí òrùka: òrùka aró pẹ̀lú òkúta pupa kékeré kan lórí. Òrùka, òrùka, òrùka. Ọmọdé kòkòrò ibà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kòkòrò Plasmodium falciparum máa ń lo bíi wákàtí 48 nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ó ń dàgbà, ó ń bí sí i. Níbo ni àwọn àgbà wọn wà? Ọdún mélòó kan ni mo fi ṣiṣẹ́ kí n tó béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ó ní wọ́n fara pa mọ́ ni, wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ, nínú ẹ̀dọ̀fóró, nínú ibi ọmọ tó bá jẹ́ aboyún, kí ẹ̀jẹ̀ má baà gbé wọn gba inú ẹ̀yà ara tó ń sẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ dànù. Purotéènì kan tí kòkòrò náà gbé sí ìta sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń lẹ̀ mọ́ ọn, PfEMP1.

Tíṣà, ibi tí ó ti jẹ́ ìyanu rèé. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa wa kò ní núkílíọ́ọ̀sì. Kò ní ER. Kò ní Golgi. Ó ti kó gbogbo rẹ̀ dànù kí hemoglobin, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn, lè ráyè. Kòkòrò ibà bọ́ sínú ilé tí kò sí ojú ọ̀nà kankan, kò sí páàkì, kò sí agbèrò. Òun fúnra rẹ̀ tún wà nínú àpò kan láàárín ilé náà. Kí purotéènì rẹ̀ tó lè dé ìta, ó gbọ́dọ̀ la awọ ara rẹ̀ kọjá, kó la awọ àpò kọjá, kó wá rìn dé ojú ara sẹ́ẹ̀lì. Ló bá la ọ̀nà tirẹ̀.

Ọdún 2004 ni ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan ní Australia, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ wọn jáde pọ̀: wọ́n rí wéèbìlì tí kòkòrò náà ń lò. Ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún ni, PEXEL ni ọ̀kan nínú wọn pè é. Ti àkọ́kọ́, ìkẹta àti ìkarùn-ún ló ṣe pàtàkì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún purotéènì kòkòrò náà ló ní i. Nígbà tó di 2009, wọ́n rí ẹnubodè tí àwọn ẹrù náà ń gbà lára awọ àpò, PTEX. Ní 2010, wọ́n rí ẹni tó ń gé wéèbìlì náà, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ plasmepsin V. PfEMP1 fúnra rẹ̀ kò ru PEXEL bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n òun náà nílò ẹnubodè yẹn, ó sì ń dúró ní àwọn ibùdókọ̀ kéékèèké tí kòkòrò náà kọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì wa. Maurer's clefts ni wọ́n ń pè wọ́n, dókítà ọmọ Jámánì kan ló kọ́kọ́ rí wọn bí àmì tó-tò-tó lábẹ́ maikirosikóòpù ní nǹkan bí ọdún 1902, nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n wà fún. Láti ibẹ̀ ni PfEMP1 ti ń dé ojú ara sẹ́ẹ̀lì.

Mo ti rí òrùka wọ̀nyẹn lójú ju iye tí mo lè kà lọ. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, nígbà tí mo bá rí òrùka nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún, àwọn tí mi ò rí ni mo máa ń rò.

Ìyá Ayọ̀mídé

Ẹ kú alẹ́ àǹtí. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀sán, mi ò ka sáyẹ́ǹsì, àmọ́ ó yé mi. AS ni jẹ́nótáìpù èmi àti ọmọ mi àkọ́bí. Wọ́n máa ń sọ pé ibà kì í pa AS. Ṣé ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà tí ẹ sọ yìí kàn án?

Ìyá Láàbù

Ẹ kú alẹ́, Ìyá Ayọ̀mídé. Ó kàn án, ó sì dùn mọ́ mi pé ẹ̀yin lẹ so wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún gbólóhùn yẹn ṣe: ibà máa ń mú AS. Èyí tó le, tó ń mú ọmọ dákú tàbí tó ń fa ẹ̀jẹ̀ gbẹ, ni kì í sábà mú wọn tó bó ṣe ń mú AA. Bí ara Ayọ̀mídé bá gbóná, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò bí ọmọ yòókù. Ti SS yàtọ̀ pátápátá, ewu ni ibà jẹ́ fún wọn, wọn ò gbọ́dọ̀ fi í ṣeré.

Ohun tó fà á ju ẹyọ kan lọ. Ìkan nínú rẹ̀, ìlú wa níbí ni wọ́n ti rí i. Lọ́dún 1970, Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì AS tí kòkòrò ibà wà nínú rẹ̀ máa ń tètè tẹ̀ bí dòjé ju èyí tí kò sí kòkòrò nínú rẹ̀ lọ. Ara á rí i pé ó ti bàjẹ́, á sẹ́ ẹ dànù tòun ti kòkòrò inú rẹ̀.

Ìkejì ni ti ojú ọ̀nà. Nínú sẹ́ẹ̀lì AS, PfEMP1 tó ń dé ìta kì í pọ̀ tó, sẹ́ẹ̀lì náà kì í sì lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ní 2011, àwọn olùwádìí wo inú sẹ́ẹ̀lì tó ní hemoglobin S àti C. Wọ́n rí i pé, nínú sẹ́ẹ̀lì AA, kòkòrò náà máa ń fipá gba okùn actin tí sẹ́ẹ̀lì wa fi gbé ara rẹ̀ ró, á fi na afárá láti ibùdókọ̀ Maurer dé ojú ara sẹ́ẹ̀lì. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní S tàbí C, afárá náà kì í gún, á ṣẹ́, á wọ́. Ẹrù wà, wéèbìlì wà, afárá ni kò sí.

Ìyá Ayọ̀mídé

Ha. Ẹ ṣeun àǹtí. Màá kà á fún un láàárọ̀.

Tíṣà Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ káàsán o. Àná ni Ọjọ́rú. Mo gba ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo sín 110 sórí òwú, 24 àkọ́kọ́ jẹ́ pupa. Mo gún ihò sí àárín páálí kan, mo ní kí ọmọ yẹn jáde wá ti òwú náà gba inú ihò kọjá, kí ọmọbìnrin kan dúró lódìkejì pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ pupa já bọ́ sílẹ̀, gbogbo kíláàsì hó. Mo sọ ti ajá, ehoro àti eku fún wọn. Mo sọ ti Dresden. Mo ya sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa sójú pátákó pẹ̀lú òrùka nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí kò sí ọmọ tí ibà ò mú rí níbẹ̀.

Nígbà tí aago ti lù, tí àwọn yòókù ti ń kó ìwé, ọmọ náà kò dìde. Ó ní: "Sà, Sec61 tí wọ́n ń gbà wọlé, ṣé purotéènì kọ́ ni òun náà?" Mo ní purotéènì ni. Ó ní: "Ṣé ara awọ ER kọ́ ló wà?" Mo ní ibẹ̀ ló wà. Ó ní: "Ihò wo ni òun gbà wọ ara awọ?"

Mà, mo ní kó dúró dè mí di Ọjọ́rú tó ń bọ̀.

Ìyá Láàbù

Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí bọ́ sọnù o. Bó bá di ọjọ́ tí ó máa yan ohun tó fẹ́ kà ní yunifásítì, ẹ kọ sí mi.

Sec61 mìíràn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ló gbà wọlé. Ìyẹn náà gba ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kì í kọ́ awọ ER tuntun láti orí ilẹ̀ òfìfo. Èyí tó wà ló ń fẹ̀ sí i, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá sì pín sí méjì, kálukú á mú apá tirẹ̀ lọ. DNA nìkan kò tó láti ṣe sẹ́ẹ̀lì. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fún ẹ ní awọ tí ihò ti wà lára rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ihò àkọ́kọ́ tí purotéènì gbà wọ ER nínú ara rẹ̀, inú ẹyin tí ìyá rẹ̀ fi lóyún rẹ̀ ló ti wà, ẹyin yẹn sì ti wà nínú ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀ pàápàá, nígbà tó ṣì wà nínú ìyá ìyá rẹ̀.